Kàlẹ́ńdà Ìkórè Tó Gbé Bàbá Àlàó Sísàlẹ̀

Kò sẹ́ni tí kò mọ Ìyá Àánú ní àdúgbò wọn ní Igbó-Elérin, obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ṣọlápé lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti bímọ, ta ló tún ń pe orúkọ yẹn? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé ìwé ìwádìí tí wọ́n máa fi jáde wá kó bá wọn tẹ̀ ẹ́, àwọn onílé náà ń gbé ìwé àdéhùn wá. Orí tápúráítà ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà ọmọge rẹ̀. Títí di òní, ó ń lu bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà bí ẹni ń gúnyán, ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á sì mọ̀ pé ó wà nílé.

Iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ jù kì í mówó wọlé rárá. Kàlẹ́ńdà ìjọ ni. Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìbà ló ń lọ. Lọ́dọọdún, bí Ìkórè bá dé, wọ́n á to àwòrán àwọn àgbà ìjọ sórí kàlẹ́ńdà, àwọn tó wà láàyè lókè, àwọn tó ti sùn nínú Olúwa nísàlẹ̀. Ìyá Àánú ló ń tò ó. Bàbá Àlàó, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, ló fà á wọnú iṣẹ́ yìí lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sí i kò ju "ẹ pẹ̀lẹ́" lọ. Bàbá ní kó má jókòó sílé kó máa ka igi àjà, kó wá ṣiṣẹ́ fún Ọlọ́run. Ìyá Victoria, ìyàwó Bàbá, ló sì ń bu oúnjẹ fún un ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ìyá Victoria kú lẹ́yìn Ìkórè tó kọjá. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Àlàó, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ní báráàkì Ọ̀jọ́, ti dà bí ilé tí wọ́n yọ òpó rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, kò sì fẹ́ẹ́ lo oògùn. "Kí ni mo tún fẹ́ fi ẹ̀mí gígùn ṣe?" lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àfi kí Ìyá Àánú lọ dúró tì í láràárọ̀, kó da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, kó gbé omi fún un, kó tó gbé e mì. Dókítà ti kìlọ̀ pé bó bá pa oògùn yẹn tì, kò ní pẹ́ tó fi máa ṣubú. Ìyá Àánú mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ẹ̀mí Bàbá wà, ẹ̀rù ìyẹn kì í sì í jẹ́ kó sùn dáadáa.

Ìkórè ọdún yìí kù díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà bá yarí. Ayédèrú ni ètò orí kọ̀ǹpútà tó fi ń tẹ̀wé látọjọ́ yìí, ẹnì kan ló bá a fi í sí i. Ó wá tì pa, ó ní kó sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní tẹ lẹ́tà kan mọ́. Ló bá ránṣẹ́ sí Wọlé, àbúrò rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alábà.

"Àǹtí mi, ọ̀nà méjì ló wà," ni Wọlé wí. "Ẹ lè subscribe sí original, kẹ́ ẹ máa renew ẹ̀ lọ́dọọdún. Àbí kí n bá yín fi èyí tó jẹ́ free sí i. Òun náà ń type, ó ń print, no wahala."

"Ta ló ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ láyé tá a wà yìí?"

Wọlé rẹ́rìn-ín. "Àwọn kan ló kóra jọ tí wọ́n ń ṣe é fún aráyé. Bíi àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín."

"Ṣé á ṣí àwọn iṣẹ́ mi àtijọ́?"

"Á ṣí wọn. Arrangement ẹ̀ kàn lè yí díẹ̀ nígbà míì ni."

Ìyá Àánú rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Èyí tí wọ́n ń sanwó fún ga jù fún un, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ó mú ọ̀fẹ́. Ẹni tí kò bá tíì wo àpò ara rẹ̀ kó tó yan nǹkan ni kó dá a lẹ́bi.

Ó ṣí kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá láti fi ṣe tọdún yìí. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwòrán Bàbá Àlàó àti ti ìyàwó rẹ̀ máa ń wà lókè, ọdún gbọọrọ. Ìyá Àánú ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa Ìyá Victoria kúrò níbẹ̀ wá sísàlẹ̀, ó sì sunkún bó ṣe ń fà á. Ó fi Bàbá sílẹ̀ lókè lóun nìkan. Ó wò ó títí, gbogbo rẹ̀ gún régé.

Ọlálékan, ọ̀gá atẹ̀wé ní Okokomaiko, ti máa ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé, "Mummy, ẹ má gbé èyí tí mi ò lè fọwọ́ kàn wá o. Èyí tí mo lè edit ni kẹ́ ẹ fún mi, kí n lè bá yín gbé color ẹ̀ jáde." Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún un. Nínú ìjọ wọn, ẹnikẹ́ni kì í tú kàlẹ́ńdà wò kí wọ́n tó gbàdúrà sí i. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ atẹ̀wé, iwájú pẹpẹ ló ń lọ tààrà, tòun ti okùn tí wọ́n fi dì í.

Lọ́jọ́ Ìkórè, Alùfáà gbàdúrà, ó tú okùn, ó gbé ọ̀kan sókè kí gbogbo ìjọ rí i. Àwọn akọrin ti dẹnu lé orin. Orin náà kú mọ́ wọn lẹ́nu.

Bàbá Àlàó kò sí lókè mọ́. Ìsàlẹ̀ ló wà, láàárín àwọn òkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni obìnrin kan fi igbe ta.

"Kọ̀ǹpútà ni o, ẹ dákun!" Ìyá Àánú ti dìde. "Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo fi tò ó, èyí tí wọ́n ń sanwó fún ni atẹ̀wé fi ṣí i. Òun ló gbé àwòrán kúrò láyè ẹ̀!"

"Kọ̀ǹpútà ló wá mọ ẹni tó kàn láti kú?" ni ẹnì kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. Àwọn tó jókòó ti Ìyá Àánú rọra sún kúrò. Kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò yé ènìyàn, bí irọ́ ló ń rí létí. Alùfáà ní kí wọ́n kó gbogbo kàlẹ́ńdà náà jọ, kí wọ́n dáná sun ún. Wọn kò mọ̀ pé Bàbá Àlàó ti ká ọ̀kan sábẹ́ sùtánà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àánú gbé oògùn lọ. Ó ti múra sílẹ̀ de èébú. Ẹ̀rín ló bá lẹ́nu Bàbá, kàlẹ́ńdà náà sì wà lára ògiri.

"Ìyá Àánú, o ṣeun," ni Bàbá wí. "Láti ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ti lọ ni mo ti ń gbàdúrà pé kó ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ ló fi í rán."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìran. Ọ̀fẹ́ ni mo lò. Ká ní mo sanwó ni, òkè lẹ ò bá ṣì wà, níbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀."

Bàbá yíjú sí ògiri. "Tó o bá sanwó, mi ò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?"

"Ẹ ò ní sí níbẹ̀, sà."

"A dúpẹ́ nígbà náà tí o ò sanwó."

Kò gba oògùn. Kò gbà á lọ́jọ́ kejì, kò gbà á lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìyá Àánú kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó pe àwọn ọmọ lórí fóònù kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ni Bàbá ń rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wú. Nígbà tí Ìyá Àánú rí i pé ẹnu òun kò ká a mọ́, ó gba àjọ rẹ̀ ṣáájú àsìkò, ó san owó èyí tí wọ́n ń sanwó fún. Ó tún kàlẹ́ńdà náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dúró ti Ọlálékan títí ó fi tẹ ẹyọ kan jáde. Bàbá wà lókè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ilé Bàbá ní Ìbà, ó ń rò ó pé bí Bàbá bá ti rí ara rẹ̀ láàárín àwọn alààyè, ọkàn rẹ̀ á yí padà.

Ó tẹ́ ẹ sórí itan Bàbá, ó sì da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Bàbá tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ìyá Àánú, níbo lo gbé mi lọ?"

"Òkè, Bàbá. Àyè yín nìyẹn, ẹ wò ó."

Kò wo òkè. Ìka rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyàwó rẹ̀, níbi tó ti ṣófo. "Èyí tí kì í gbowó yẹn, ṣé ó ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ?"

Ìyá Àánú kò lè purọ́ fún un. "Ó wà, sà."

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi," ni Bàbá wí, "fi dá mi padà."

Ìyá Àánú dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà, òógùn sì ti ń yọ́ oògùn náà mọ́ ọn látẹ́lẹwọ́.