Wúrà Ìyàwó Tíṣà àti Èkejì Rẹ̀

Lásúnkànmí alágbẹ̀dẹ wúrà fi wúrà ìgbéyàwó ọmọ tirẹ̀ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Gbogbo Mákùn, ní Ṣàgámù, ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ Lásúnkànmí kò ní sọ pé irọ́ ni.

Ọdún 1981 ni. Tíṣà ìṣirò kan wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ará Íńdíà, Ṣámà lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mú wúrà kan wá. Òrùka ńlá ni, ó fẹ̀ tó ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé. Wọ́n gbẹ́ òdòdó mẹ́ta sí i lára, wọ́n so ṣéènì tín-ín-rín mọ́ ọn. Ṣéènì náà ló já.

"Baba, ẹ bá mi so ó. Mò ń lọ sílé lọ́sẹ̀ méjì sí i. Àbúrò mi ń ṣègbéyàwó."

"Mo ti gbọ́."

Kò bi í ní nǹkan kan. Kì í bi oníbàárà ní nǹkan. Ó ní alágbẹ̀dẹ lòun, òun kì í ṣe ọlọ́pàá.

Wákàtí kan ló fi so ṣéènì náà. Ì bá fi mọ síbẹ̀. Ó gbé e sókè, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Àtinúkẹ́, wo yẹtí yìí. Ẹyọ kan ni."

"Bó ṣe mú un wá nìyẹn."

"Ó ti sọ èkejì nù. Ojú ló ń tì í. Ṣé etí kan ni yóò fi lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀?"

"Baba Àtinúkẹ́, ṣé ó rán yín?"

"Dákẹ́."

Wúrà kan ṣoṣo ló wà nílé, nínú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn. Ti ìyá Lásúnkànmí tó ti kú ni. Òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn fún Àtinúkẹ́, ọmọbìnrin wọn, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta. Lásúnkànmí yọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe èkejì. Nígbà tó parí, ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tó jẹ́ ti Íńdíà nínú méjèèjì mọ́. Òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó Tíṣà dé, ó bá méjì lórí aṣọ pupa.

"Baba, kí lèyí?"

"Èkejì. O ò ní láti tijú mọ́."

Obìnrin náà mú ọ̀kan. Ó gbé e sí imú, ó fa ṣéènì kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fi há irun lókè etí.

"Baba, imú ni. Ìyàwó ló ń lò ó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹyọ kan ni."

Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀bẹ̀. Lásúnkànmí na ìka sí i.

"Ihò mélòó ló wà nímú rẹ?"

Bó ṣe rí nìyẹn. Bàbá Ìjọ Ebenezer mú òrùka padà wá nígbà kan, ó ní ó fún òun jù. Lásúnkànmí wo òrùka, ó wo bàbá náà. "Òrùka dára. Ìka yín ló sanra. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàṣẹ ààwẹ̀ fún ìjọ, ẹ gba díẹ̀ nínú ààwẹ̀ náà."

Ojú-ológbò ló fi ń wọn wúrà, hóró pupa olórí dúdú tí ọmọdé ń ṣà nínú igbó. Olúṣẹ́gun àbúrò rẹ̀ ra òṣùwọ̀n tuntun fún un láti Èkó. Ó fi hóró dán òṣùwọ̀n náà wò. Wọn ò bára mu. Ó ní kí wọ́n dá òṣùwọ̀n padà.

Hóró yìí ló gbà á lọ́jọ́ náà. Inú ń bí Ìyàwó Tíṣà, ó ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi bú u. Ojú rẹ̀ bá ṣe kòńgẹ́ àwo hóró. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní alágbẹ̀dẹ bàbá òun nílé, hóró yìí kan náà ló ń lò. Ó mú òrùka kan nínú méjèèjì, ó lọ. Èwo ló mú? Ẹ bi Ọlọ́run.

Ó wá ku ti Ìyá Àtinúkẹ́.

"Ẹ yọ́ èyí tó kù. Ọmọ yín kò ní wúrà."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Ẹni tó bá fi iná kàn án, èmi àti onítọ̀hún ni."

Ìyàwó rẹ̀ kò dáná fún un fún ọjọ́ mẹ́rin. Lásúnkànmí ń mu gààrí. Ó ní ó dùn ju ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ìgbéyàwó dé. Àwọn àna ti ń bọ̀ láti Ìpẹ̀rú. Àtinúkẹ́ jókòó nínú yàrá pẹ̀lú etí lásán, ó ń sunkún.

"Ta ló máa gbà pé ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí?"

Ìyàwó Tíṣà wọlé. Ó ti dé láti ilé wọn ní Íńdíà. Ó ti fi òrùka tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé èyí tó kù wá. Ó fi ṣéènì kọ́ irun Àtinúkẹ́, òrùka wá sùn sí iwájú orí rẹ̀, òdòdó mẹ́ta ń dán. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá Ìpẹ̀rú gbàgbé orin tí wọ́n ń kọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Lásúnkànmí dìde níwájú.

"Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀. Kò tíì pé. Ó ku èkejì!"

Ó kú ní 1987, lásìkò ọyẹ́. Dókítà ti ní kó má fẹ́ná mọ́. Ó dá a lóhùn pé òrùka ọwọ́ dókítà kì í ṣe wúrà.

Àwọn Ṣámà ti padà sílé nígbà náà. Lẹ́tà wọn dé lẹ́yìn ìsìnkú, fọ́tò kan wà nínú rẹ̀: àbúrò kékeré Ìyàwó Tíṣà lọ́jọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀, òrùka ńlá nímú, ṣéènì kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyàwó Tíṣà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò pé, "Baba, mi ò mọ̀ bóyá tiyín ni."

Ọdún mẹ́fà ni Ìyá Àtinúkẹ́ fi ń ṣàròyé wúrà yẹn. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ó ní kí Àtinúkẹ́ gbé òrùka tó kù ní Ṣàgámù wá, ó tẹ́ aṣọ pupa sórí tábìlì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó kó méjèèjì sí i, fọ́tò lápá ọ̀tún, òrùka lápá òsì.

"Baba Àtinúkẹ́, olóríkunkun," ló wí. "Ó ti pé."