Bí A Ṣe Pààrọ̀ Tẹlifóònù Láì Jẹ́ Kó Dákẹ́

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, kò pẹ́ púpọ̀ sígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì kó máa gba apá ọ̀tún, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Surulere. Ilé ìwòsàn náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Àgbà, máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé òun ló gbé Èkó dúró.

Èmi àti obìnrin kan tó jù mí lọ dáadáa la jọ ń dáhùn tẹlifóònù. Àǹtí ni mo ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Pápá Àjàó ló sì ń gbé, láàárín àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe. Bó bá ń pe ọmọ nílé, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé tẹlifóònù sétí báyìí, ohùn rẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. "Ẹ káàárọ̀ o, ilé ìwòsàn nìyí, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Àwọn ọkùnrin kan wà tí ara wọn le koko, tí wọ́n kàn ń pè wá torí ohùn yẹn. Bí wọ́n bá wá dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n rí ìyá ọlọ́mọ pẹ̀lú awò ojú ńlá, wọn á máa yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tí à ń lò nígbà náà ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Igi ni wọ́n fi ṣe é, ihò kún ojú rẹ̀, okùn sì ń yọ láti orí tábìlì rẹ̀. Ì báà ṣe dókítà tó wà lókè ló fẹ́ bá nọ́ọ̀sì tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀, ọwọ́ wa ni yóò gbà. A ó ki okùn kan bọ ihò ẹni tó ń pè, a ó ki èkejì bọ ihò ẹni tí wọ́n ń pè, wọ́n á wá máa gbọ́ra.

Ibẹ̀ ni Àǹtí ti ń jọba. Bí Métírọ̀n, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, bá ní kí wọ́n fún òun ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún, Àǹtí á ní, "Ẹ dúró díẹ̀, mà." Á yí sí wọ́ọ̀dù, á wí fún wọn jẹ́jẹ́ pé, "Métírọ̀n ló ń bọ̀ lórí fóònù o. Ẹ gbé àkàrà yẹn mì." Ìgbà tí wọ́n bá gbé e mì tán ló tó so wọ́n pọ̀. Métírọ̀n wá ń fọ́nnu kiri pé kò sí wọ́ọ̀dù tó létò bíi tòun ní gbogbo Èkó. Àwa kì í sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà Àgbà pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní òun ti ra ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa so àwọn èèyàn pọ̀ fúnra rẹ̀. Kálukú á kàn yí nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹni náà á sì gbé e.

"Iṣẹ́ yín á fúyẹ́," ló wí.

"Á fúyẹ́ dé ibo, sà?" ni Àǹtí bi í.

Dókítà ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́: bí wọ́n bá ti ń fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́, tẹlifóònù ilé ìwòsàn òun kò gbọdọ̀ dákẹ́, nítorí aláìsàn kì í dúró de ẹnjiníà. Ẹni tó bá pè wá kò tiẹ̀ gbọdọ̀ mọ̀ pé à ń ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí a jáde, Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni pé kéèyàn pààrọ̀ ṣòkòtò láàárín ọjà Sábó, kí ẹnì kankan má rí i!" Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé àyà rẹ̀ ti já. Bí ẹ̀rọ bá ń so èèyàn pọ̀ fúnra rẹ̀, kí ni wọ́n á máa fi wá ṣe?

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹnjiníà dé láti ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà. Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n òkè òkun ti bá a tún ahọ́n ṣe. Àǹtí wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lo wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Rárá o, mà. Ẹ̀rọ ni."

"Ta ló gbé ẹ̀rọ wá?"

Ọmọkùnrin náà ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mọ́ínmọ́ín tí Àǹtí ń gbé wá láti ilé ló ń jẹ lọ́sàn-án, Àǹtí sì ti ń pè é ní ọmọ mi.

Ó ṣàlàyé ètò rẹ̀ fún wa. A kò ní yọ ti àtijọ́. Ó gbé ẹ̀rọ tuntun náà, àpótí irin ńlá kan, sínú yàrá tó kángun sí tiwa, ó gbé tábìlì kékeré rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù wa, ó wá fi wáyà so tuntun àti àtijọ́ pọ̀ kí àwọn méjèèjì lè máa gbọ́ra. Lẹ́yìn náà ló ń kó àwọn èèyàn kọjá síhà kejì díẹ̀díẹ̀. Ibi ìfọṣọ ló fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ilé ìdáná, kó tó kan àwọn wọ́ọ̀dù. "Bó bá gbọ́ràn, a ó tẹ̀ síwájú," ló wí. "Bí kò bá gbọ́ràn, a ó dá wọn padà síbi tí wọ́n wà." Àwọn ìlà tí àwọn ará ìta fi ń pè wá ló máa kẹ́yìn.

Ẹ̀rọ náà gbọ́ràn, àwọn èèyàn ni kò gbọ́. Bàbá tó ń fọṣọ gbé tẹlifóònù tuntun sétí, ó gbọ́ bó ṣe ń kùn, ló bá gbé e sílẹ̀ kíá. Ó wá bá wa pé nǹkan wà nínú rẹ̀ tó ń bínú sí òun. Èyí tó burú jù ni Dókítà Àgbà fúnra rẹ̀. Òdo nìkan ló mọ̀ ọ́n yí, ọ̀dọ̀ wa ni òdo sì ń já sí.

"Fún mi ní ilé ìdáná."

"Sà, ẹ lè yí nọ́ńbà wọn fúnra yín."

"Nọ́ńbà wo?"

"Ó wà lára ìwé tí ẹ ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yín, sà."

"Jọ̀ọ́, ṣáà fún mi ní ilé ìdáná."

Ọ̀sán ọjọ́ tí a kó wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún kọjá, Métírọ̀n yí nọ́ńbà wọn, kò sì sí Àǹtí láàárín mọ́. Nọ́ọ̀sì tó gbé e rò pé ọ̀rẹ́ òun ni. Pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu ló fi ní, "Tètè wá gba àkàrà ẹ kó tó tutù! Arúgbó ti lọ sókè."

"Arúgbó náà ló ń bá ọ sọ̀rọ̀," ni Métírọ̀n wí.

Ohun tí àwa gbọ́ ni bàtà rẹ̀, kó kó kó, bó ṣe kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa tó ń lọ sísàlẹ̀. Àǹtí káwọ́ gbera. "Ẹ ò rí i," ló wí, "ó ti ń so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀."

Ọjọ́ tó kẹ́yìn pé. Ẹnjiníà ti kó àwọn ìlà ìta kọjá, ó ku ẹyọ kan. Ó ti tú wáyà tó so bọ́ọ̀dù àtijọ́ mọ́ tuntun, torí ó rò pé iṣẹ́ wáyà náà ti tán. Ó ti na ọwọ́ sí ìlà ìkẹyìn náà nígbà tí iná kékeré tàn lójú bọ́ọ̀dù àtijọ́.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Àǹtí ké. Ó gbé e, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ káàsán o, ilé ìwòsàn nìyí."

Ọkùnrin kan ni, ó ń pè láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó. Ìyàwó rẹ̀, tó forúkọ sílẹ̀ láti bímọ lọ́dọ̀ wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú rélùwéè láti ìlú òkè, omi sì ti dà. Kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e. Àǹtí ki okùn bọ ihò awakọ̀ áńbúláǹsì. Kò lọ. Awakọ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ tuntun, kò sì sí ohun tó so méjèèjì pọ̀ mọ́.

Ẹnjiníà káwọ́ lérí. Mo sáré yí nọ́ńbà awakọ̀ lórí tuntun, ó gbé e, ó ń bi mí pé ibo gan-an ní Ìdó, ẹnu ọ̀nà wo? Kí n tó béèrè lọ́wọ́ Àǹtí, ẹnjiníà gba tẹlifóònù lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ó kọjú wọn síra, ó yí ọ̀kan sókè yí èkejì sódò, ẹnu èyí sí etí tọ̀hún, ó wá fún wọn mọ́ra bí ẹni di adìyẹ méjì mú. Ohùn awakọ̀ sì ń bọ́ sétí ọkọ aboyún. A ń gbọ́ wọn: "Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń já ẹrù!" "Ẹ má kúrò níbẹ̀, mo ti ń bọ̀!"

Bí Dókítà Àgbà ṣe wọlé nìyẹn. Ẹnjiníà kò gbọdọ̀ mira.

"Ṣé ó ń lọ déédéé?"

"Ó ń lọ, sà."

"Kí lo wá ń ṣe yẹn?"

Àǹtí ló dá a lóhùn. "Ó ń so èèyàn pọ̀, sà."

Dókítà mi orí bíi pé ó ti kà nípa rẹ̀ níbì kan. "Ó dáa. Kó ṣáà má dákẹ́ o." Ó sì jáde.

Nígbà tó lọ tán, a jókòó. Àǹtí ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Mo ń tẹ́tí títí mo fi gbọ́ tí ọkọ̀ áńbúláǹsì ń ké bọ̀ lójú títì. Wọ́n gbé obìnrin náà wọlé, kò pẹ́ rárá tó fi bí ọmọbìnrin kan, tìyá tọmọ sì wà láyọ̀.

Bàbá ọmọ náà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, Dókítà Àgbà tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má bínú o, mà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wo tẹlifóònù yín. Ó ń dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò."

"Tuntun ni," ni Dókítà wí, ó gbéra ga. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni."

Ẹnjiníà parí ìlà ìkẹyìn náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Ẹ̀yin tó ń retí kí n sọ pé òun ni mo fẹ́, ẹ máa gbọ́: ó ti níyàwó. Iṣẹ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ wa, torí ẹni tó bá pè láti ìta ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò dá a lóhùn, Dókítà sì ń yí òdo. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun kí wọ́n tó wọṣẹ́. Métírọ̀n nìkan ni mo káàánú. Nígbà tí wọ́ọ̀dù rẹ̀ kò létò, inú rẹ̀ ń dùn. Ìgbà tó wá létò lóòótọ́, kò lè jókòó pẹ́ kó máà sáré lọ wò wọ́n.

Ìgbà tí Àǹtí fẹ̀yìn tì, mo lọ kí i ní Pápá Àjàó. Mo wò káàkiri pálọ̀, kò sí tẹlifóònù níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ṣé kò fẹ́ gbé e sílé ni.

"Kí n máa fi ṣe kí ni?" ló wí. "Ẹni tí mo bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mo mọ ilé rẹ̀."

Ló bá dìde, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí a lọ kí ìyá kan lójúlé kejì, torí ìròyìn pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.