Wákàtí Kan Àǹkù Lyle

Ọdún tí Àǹkù Lyle yan tòlótòló lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni gbogbo ẹbí Kubicek fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ. Wọn a ní, "Ọdún kejì tòlótòló inú ẹ́ńjìnì la bí i," kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ìtumọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ọdún tí ẹbí máa ń pé jọ jẹ tòlótòló, ku ọ̀la nígbà tí ààrò Darla dẹnu kọlẹ̀. Darla yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Lyle obìnrin, ni gbogbo ẹbí ń lọ bá jẹun ọdún ní Iowa. Ó pe oníkálukú lórí fóònù pé kí wọ́n fọkàn sí oúnjẹ tútù, pé kò ní í ṣeé ṣe láti yan tòlótòló lọ́dún yìí. Ó ti gbé fóònù sílẹ̀ tán kó tó rántí pé etí Lyle kì í gba "kò ní í ṣeé ṣe." Nígbà tílẹ̀ mọ́, Lyle wé bébà onírin mọ́ tòlótòló kan ní ìpele méje, ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì níbi tí páìpù sàlẹ́ńsà ti ń gbóná jù, ó sì kọrí sí Iowa. Ìrìn wákàtí mẹ́jọ ni láti ilé rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nebraska. Ó ní Ọlọ́run ló dìídì wọn ọ̀nà náà bẹ́ẹ̀, kó lè bá ìgbà tí ẹran ń jinná mu.

Ní àárín ọ̀nà, ọlọ́pàá kan dá a dúró nítorí èéfín tó ń yọ níwájú ọkọ̀.

"Baba, ọkọ̀ yín ń jóná."

"Ọkọ̀ ò jóná, ọ̀gá. Oúnjẹ ló wà lórí iná."

Ọlọ́pàá ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn ẹran yíyan sì gba gbogbo títì. Ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìdájí, kò sì ní í bá wọn jẹ nínú oúnjẹ ọdún nílé tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ dúró wo ẹran. Lyle bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń dá itan tòlótòló tó ti jinná mọ̀. Ọlọ́pàá ní ìyá òun kọ́ òun dáadáa. Nígbà tí Lyle fi máa wọ àgbàlá Darla, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lára ẹran. Arvella, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí í ṣe ìyá Darla, béèrè ẹsẹ̀ kejì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí mo ṣe rà á nìyẹn," ni Lyle wí.

Wọ́n jẹ ẹ́. Ó ń rùn díẹ̀ bí epo mọ́tò, ṣùgbọ́n Darla, tí kì í purọ́ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, gbà pé òun kò tíì jẹ tòlótòló tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó sì dùn ún jù nìyẹn, nítorí tirẹ̀ kì í rọ̀, Lyle gan-an ló sì ń fà á.

Ọ̀ràn aago ni. Aago apá ọ̀dọ̀ Lyle fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Iowa. Ààlà kan wà láàárín pápá àgbàdo níbi tí gbogbo arìnrìn-àjò ti ń yí aago ọwọ́ wọn síwájú. Lyle kì í yí tirẹ̀. Aago méjì ni wọ́n fi oúnjẹ ọdún sí nílé Darla, aago méjì géérégé náà ni Lyle ń wọlé, lórí aago tirẹ̀. Mẹ́ta ti lù fún gbogbo Iowa. Arvella kò sì ní í gbà kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan fọ́ọ̀kì nígbà tí àbúrò rẹ̀ kò tíì jókòó. Ọdún méjìlélógún ni Darla fi ń yọ tòlótòló tó ń dán, tó ń ṣomi, láago méjì, tí yóò sì máa wò ó títí yóò fi gbẹ bí èèpo igi.

Ó gbìyànjú láti bá a sọ ọ́. Ó pè é lórí fóònù.

"Àǹkù, ẹ ò ṣe kúkú fi wákàtí kan tètè gbéra?"

"Kí n tètè dé síbi oúnjẹ? Ṣé kí wọ́n lè sọ pé ebi ló ń pa mí nílé ni?"

"Ẹ yí aago yín nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ayé ló ń yí i."

"Bí mo bá yí i, wákàtí kan nínú ọjọ́ ayé mi lọ nìyẹn. Ta ló mú un?"

"Wọ́n á dá a padà fún yín tẹ́ ẹ bá ń relé, Àǹkù."

"Ti èmi kọ́ ni wọ́n máa dá padà. Òmíràn ni wọ́n á fún mi. Ta ló mọ ohun tí wọ́n ti fi ṣe?"

Darla gbé fóònù sílẹ̀. Curt, ọkọ rẹ̀, gbà á nímọ̀ràn pé kó parọ́ fún bàbá náà pé aago kan ni oúnjẹ. Ó pa irọ́ náà. Lọ́dún yẹn, Lyle wọlé nígbà tí mẹ́ta lù. Ó ní òun gbọ́ pé aago kan ni, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé Darla kì í bá àkókò mu.

Bó bá sì jókòó tán, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Kí wọ́n tó bu oúnjẹ nílé náà, oníkálukú ní láti sọ ohun kan tó ń dúpẹ́ fún. Àwọn ọmọdé a dúpẹ́ fún ajá wọn. Curt a dúpẹ́ fún ìyàwó rẹ̀, a sì yọjú wò ó bóyá ìyẹn ti tó. Lyle a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. A dúpẹ́ fún taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a dúpẹ́ fún ilé epo tí kọfí wọn kò korò, a dárúkọ ìlú dé ìlú, títí yóò fi la Nebraska já. Odò Platte ló ń gbà á lákòókò jù, nítorí ọ̀nà àti odò náà jọ ń rìn pọ̀ ni. Lọ́dún kan, Curt ṣe "Àmín" nígbà tí Lyle dé ìlú Kearney, bóyá oúnjẹ á lè bẹ̀rẹ̀. Lyle ní ó ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ òun lẹ́nu, àfi kí òun padà bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ó sì padà sílé lóòótọ́.

Nígbà tó di ọdún kẹtàlélógún, Darla ní ó tó gẹ́ẹ́. Aago méjì lù, ó bu oúnjẹ sí àwo gbogbo èèyàn, ó ní kí wọ́n máa jẹ. Arvella ní ebi kò pa òun. Nígbà tí ebi kò pa ìyá àgbà, ta lebi fẹ́ pa? Wọ́n jókòó ti àwo tó kún fún odidi wákàtí kan. Lyle wọlé, ó rí àwo, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ ti ń gbọ́n díẹ̀díẹ̀," ó wí. "Méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, oúnjẹ sì ti wà nínú àwo."

Ó jẹun. Ó jẹ ẹran títí, ó gbé e mì pẹ̀lú omi. "Darla, ẹran rẹ yìí gbẹ o. Ó yẹ kó o máa tètè yọ ọ́."

Curt ló fa Darla lọ́wọ́ jáde sí àgbàlá kó lọ gba atẹ́gùn.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, Lyle sùn, kò jí mọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, aago ọwọ́ náà kan Darla. Bébà pélébé kan ni wọ́n fi wé e, Lyle sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i pé, "Fún Darla, tí kò mọ aago." Darla rẹ́rìn-ín títí, ó wá rí i pé ẹkún lòun ń sun.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tún dé. Darla sọ fún Curt pé lọ́dún yìí, tòlótòló òun á di jíjẹ ní gbígbóná. Bí eré ló ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n àdúrà ọdún mẹ́tàlélógún ni, kò sì sẹ́ni tó lè dí i lọ́wọ́ mọ́. Ó rẹ ẹran sínú omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ń da bọ́tà yíyọ́ lé e lórí bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tó yọ ọ́ láago méjì, awọ rẹ̀ pọ́n, omi sì ń sun níbi tí Curt fi ẹnu ọ̀bẹ kàn.

Àwọn mẹ́rìnlá jókòó. Ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó yí tábìlì ká, ó sì parí kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Darla ní kí wọ́n máa bu oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Arvella kọjú sí fèrèsé tó dojú kọ títì.

"Darla, aago mélòó ló lù?"

"Méjì, Mọ́mì."

"Lórí aago ta ni?"

Darla wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti wọ aago Lyle, kò sì yí i. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun gbàgbé ni.

"Ọ̀kan," ó wí. "Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lù."

"Ṣó o rí i," ni Arvella wí. "Àbúrò mi kò tíì sọdá sí Iowa nìyẹn."

Darla dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tòlótòló, ó dá a padà sínú ààrò, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Curt tún ọ̀fun ṣe. Ó ní òun dúpẹ́ fún taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ kan ní òun dúpẹ́ fún ilé epo tí kọfí wọn kò korò. Báyìí ni wọ́n gbéra. Wọ́n ń gba ìlú mọ́ ara wọn lẹ́nu, wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó kàn, wọ́n há sẹ́bàá Platte, ẹ̀rín sì pa wọ́n títí Arvella fi bọ́ dígí ojú rẹ̀ láti nu omi ojú. Nígbà tí wọ́n dé Kearney, gbogbo ojú yí sí Curt. Kò ṣe àmín o.

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni Darla rò pé ẹran òun ni Lyle ń bà jẹ́. Kò rò ó rí pé wákàtí yẹn nìkan ni gbogbo wọn ń jókòó sójú kan láti ọdún dé ọdún, tí wọn kò níṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa retí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn lọ.

Nígbà tí méjì lù lórí aago náà, ó yọ ẹran. Ó ti gbẹ pátápátá. Wọ́n da omi ẹran lé e lórí, wọ́n ń jẹ ẹ́. Arvella jẹ tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó gbẹ," ó wí. "Bó ṣe ń rí gan-an nìyí. Bù sí i fún mi."

Títí dòní, Darla kò tíì yí aago náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jẹun Ọjọ́ Ìdúpẹ́, aago mẹ́ta ni kó dé. Aago méjì ni wọ́n ń pè é nílé yẹn.