Ojú Ìyá Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí gbà pé kò sí ọmọbìnrin tó lẹ́kọ̀ọ́ tó mi. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mò ń kúnlẹ̀ kí. Wọ́n á ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," màmá mi á sì máa yan fanda. Irọ́ ni o! Mi ò mọ ojú èèyàn ni. Mo ń rí imú, mo ń rí ilà, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ti lágbájá ni, àfi tó bá sọ̀rọ̀. Kí n má baà fo àgbà kan, mo ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ayé. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ kékeré kan tó ru igi rí. Ṣe ló sọ igi nù, tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Olùkọ́ ni mí nígbà tí ilé ìwé di ọ̀fẹ́ tí kíláàsì kún fọ́fọ́. Dókítà tó wá yẹ ojú àwọn ọmọ wò ló là mí lóye. Ó ní ojú mi mọ́ gaara. Ẹ̀yìn ọpọlọ la ti ń mọ ohun tí ojú rí, ibẹ̀ sì dà bí ọjà: ìsọ̀ tí a ti ń mọ igbá àti àwo wà lọ́tọ̀, ti ojú èèyàn wà lọ́tọ̀. Ti ojú èèyàn ni kò ṣí lọ́dọ̀ tèmi. Inú mi dùn, àfi bí ẹni pé àlàyé ni oògùn.

Ìkúnlẹ̀ mi yìí náà ló mú ìyá kan yàn mí fún ọmọ rẹ̀. Mo sì fẹ́ràn ọmọ náà dénú. Ìbòrí búlúù tí ìyá náà kì í bọ́ ni mo fi ń dá a mọ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó ku díẹ̀, ìyá náà ti ìlú Tẹ̀dé dé pẹ̀lú ìbòrí tuntun tí kì í ṣe búlúù. Èmi ti rí búlúù lọ́ọ̀ọ́kán, mo sáré kọjá lára rẹ̀ fìrì, mo lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó ní kò sí ìgbéyàwó mọ́. "Ọmọ tí ò rí mi lónìí, ṣé á rí mi lọ́jọ́ alẹ́ mi?"

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, mo ṣàlàyé ọjà inú ọpọlọ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n mú ewúrẹ́ òun láàárín àwọn tó wà lágbàlá. Mo tọ́ka sí i lójú ẹsẹ̀.

"Yéè! O mọ ewúrẹ́ mi, o ò mọ èmi!"

Ó wọlé lọ. Nígbà tó yá, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jáde, àwọn méjèèjì wé funfun, wọn ò fọhùn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ayé mi wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò, mo sì bú sẹ́kún nítorí pé kò dá mi lójú.

"Dìde," ìyá náà wí lẹ́yìn mi. "Ẹni tó ń fojú di èèyàn á kúkú mọ ẹni tó ń fojú di."

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi láìkọ́kọ́ wúkọ́. Kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé ń se àgbo ikọ́ fún un, ó sì ń mu ún.

Lọ́jọ́ tó kú, wọ́n ní kí n wá wo ojú rẹ̀ kẹ́yìn. Mo wò ó títí. Ojú àjèjì ni. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n já lọ́mú. Fọ́tò obìnrin kan wà lára ògiri mi báyìí. Bí àlejò bá bèèrè, mo máa ń ní ìyá mi ni. Àwọn ọmọ mi ló sọ fún mi pé ìyá bàbá àwọn ni.