Àwọn Bọ́ọ̀lù Tí Ìyàwó Mi Fi Rọ́bà Wé

Oṣù kan lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́ gbé bọ́ọ̀lù kan wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ọwọ́ mi ò ká a."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ìyàwó mi ló mú un wá láti oko bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Èmùré nígbà tó fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ìyàwó mi kó tó fẹ̀yìn tì, sọ́ọ̀fúbọ́ọ̀lù ló sì fẹ́ràn jù: eré tí ẹnì kan ń fi apá ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ wá, tí ẹlòmíràn ń fi igi gbá a. Ó kọ́ ọmọ náà títí ó fi di ajubọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Ìsẹ̀ kì í fẹ́ bá pàdé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kékeré, ti àwọn ọmọdé, ni ó ti ń jù. Ní ọdún yìí ó bọ́ sáàárín àwọn tó dàgbà, bọ́ọ̀lù tiwọn sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí wọ́n yan àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá yàn ni ilé-ìwé àwọn eléré ìdárayá máa ń gbà. Ohun tí ọmọ náà ń gbàdúrà lé lórí láràárọ̀ nìyẹn.

Jọ́gíráfì ni mo fi ayé mi kọ́ ọmọ. Mi ò ju bọ́ọ̀lù rí. Síbẹ̀ mo wọ bàtà, mo mú ìbọ̀wọ́ awọ ìyàwó mi, mo tẹ̀ lé e lọ sí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè.

Mo sọ fún un pé ohun tó bá tóbi, gírígírí là á dì í mú. Mo ti bọ́ọ̀lù náà wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì ká ìka rẹ̀ lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jù ú. Nígbà mìíràn ó já lulẹ̀ ní àárín ọ̀nà, nígbà mìíràn ó fò kọjá igi máńgòrò. Káfíńtà àdúgbò wa tó ń kọjá dúró, ó ń wò wá.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ̀ ń kọ́ ọ àbí bí wọ́n ṣe ń lẹ ẹyẹ lókò?"

"Bá tìrẹ lọ, ìwọ tí àga rẹ ń mì bí eyín arúgbó."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lẹ́yìn ìsìnkú. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, à ń lọ. Mo ń sáré lé bọ́ọ̀lù kiri inú koríko, mo ń padà sílé pẹ̀lú ebi. Mo rò pé èmi ni mò ń ran ọmọ náà lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìka rẹ̀ wú. Mo wọ yàrá lọ wá bándéèjì. Ìyàwó mi ní agbọ̀n kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, n kò sì tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tó ti lọ. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni mo bá nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀já rọ́bà wé wọn. Ti àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, ti èkejì nípọn jù ú lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹfà. Mo fi okùn wọn ẹ̀kẹfà, mo wọn bọ́ọ̀lù ńlá. Ọgbọọgba ni wọ́n. Gbogbo wọn ló ti gbó, tí yẹ̀pẹ̀ pápá sì ti há sí ojú rọ́bà wọn.

Mo mọ rọ́bà náà. Tíúbù kẹ̀kẹ́ mi méjì tí mo rà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni, tí n kò rí mọ́. Ìyàwó mi bá mi wá a. Ó tilẹ̀ bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Mo kó wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló wé ìwọ̀nyí?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Mọ́mì ni, sà."

"O ti jù wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí tó tóbi jù yìí ńkọ́?"

"Kí Mọ́mì tó lọ ni mo ti ń jù ú dáadáa."

"Kí ló wá dé tí o sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ ò ká a?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mọ́mì ni wọ́n ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ti lọ, ẹ ó kàn jókòó sínú ilé ni. Wọ́n ní kí n wá iṣẹ́ fún yín ṣe."

Bí àwọn bá ti lọ. Mo bi í léèrè bóyá ìyàwó mi mọ̀ pé òun ń lọ.  Ó sọ fún mi pé ìpàdé àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe ní Ìsẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ilé ìwòsàn ní Adó ni wọ́n ń lọ. Òun ló ń bá a gbé báàgì. Òun ló jókòó tì í nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀. Mo rántí àwọn Ọjọ́bọ̀ wọ̀nyẹn. Wọn á ra búrẹ́dì bọ̀. Ìyàwó mi á tilẹ̀ sọ ìwàásù tí wọ́n gbọ́ fún mi, èmi náà á sì ní ìwàásù náà dára.

Mo ní kó dìde ká lọ sí pápá. Mo ní kó ju bọ́ọ̀lù ńlá náà fún mi bí Mọ́mì ṣe kọ́ ọ.

Ó jù ú, ó já lulẹ̀. Ó tún un jù, ó tún já. Ẹ̀rù bà á, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó ti ń di bọ́ọ̀lù mú bí mo ṣe ní kó dì í mú, ọwọ́ náà sì ti gba ẹ̀kọ́ mi.

"Nígbà tí o mọ̀ pé ohun tí mò ń kọ́ ọ kò dára, kí ló dé tí o kò sọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò yé. "Dádì, ẹ̀yin kẹ̀? Ṣé n ó wá sọ fún yín pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

 Àwa la tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nínú agbọ̀n, kó sì máa sọ ohun tí Mọ́mì wí jáde lẹ́nu bó ti ń jù ú, kí èmi náà lè gbọ́. Orí ìka ni kí bọ́ọ̀lù wà, bó bá sì di ti ńlá, kí ìka wà lójú ibi tí wọ́n ti rán awọ rẹ̀. Kí àyè wà láàárín bọ́ọ̀lù àti àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ti fún un mọ́wọ́, ìyàwó mi, nígbà ayé rẹ̀, á fi ohùn Ìkẹ́rẹ́ ké sí i pé, "Ṣé uṣu lo gbé lọ́wọ́ ni? Jẹ́ kó mí!" Ọmọ náà sín in jẹ gan-an débi pé mo ní kó má wí ìyẹn mọ́.

Mo gba gbogbo bọ́ọ̀lù tó jù. Bí a bá ti kúrò ní pápá, n kì í bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí. Ọmọdé ni, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. 

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan àwọn eléré ní Adó, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pápá. Kó tó ju àkọ́kọ́, ó gbójú sókè, ó rí mi. Lójú mi báyìí ni ìka rẹ̀ ká, tí bọ́ọ̀lù rì wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó já lulẹ̀. Kó tó ju èkejì, ó tún wò mí, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Mo wá rí i pé níwọ̀n ìgbà tó bá ń rí mi, yóò máa bọ̀wọ̀ fún mi, yóò sì máa dì í mú bí mo ṣe kọ́ ọ.

Mo yí padà, mo kẹ̀yìn sí i.

Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Bàbá, ẹ ò fẹ́ wo ọmọ yín ni?"

Mo ní, "Mo ti wò ó tó."

Ògiri ni mo ń wò nígbà tí mo gbọ́ tí bọ́ọ̀lù ba ìbọ̀wọ́ awọ ẹni tó ń gbà á: pà! Ó tún dún. Ó sì ń dún bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́dúró, títí àwọn tó wà nítòsí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. N kò rí ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n yàn, tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́, ó rọra bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni, tí ẹ fi kẹ̀yìn sí mi?"

Mo ní rárá. Òótọ́ ni mo sọ, ní ti òun.

Ó ti wà ní ilé-ìwé àwọn eléré ìdárayá náà báyìí. Ó kó bọ́ọ̀lù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ. Ìyàwó mi ronú nípa ohun gbogbo: rọ́bà, agbọ̀n, irọ́ tí ọmọdé lè pa láìrẹ́rìn-ín, iṣẹ́ tí n ó ṣe nírọ̀lẹ́. Kò ronú nípa ọjọ́ tí wọn yóò yan ọmọ náà, tí ẹ̀kọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́. Tàbí ó ronú nípa rẹ̀, tí kò sì sọ ọ́ fún mi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mi ṣì fara ti ògiri níwájú mi, kò ní tíúbù. Mi ò tíì ra òmíràn.