Etí Tó Kọjú sí Òòlù Mi

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi àti Etí-Ajá fi jẹ́ alámùúlégbè lẹ́nu iṣẹ́, páànù kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wa. Mẹkáníìkì ni òun. Pánẹ́bítà ni èmi, èmi ni mo ń fi òòlù lu ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀ wọnú títí á fi nà. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Etí-Ajá, nítorí pé ọkọ̀ á ṣì wà lẹ́nu géètì, òun á ti sọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun náà wá sọ mí ní Aláriwo. Yẹ̀yẹ́ la jọ ń fi ara wa ṣe; n kò mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Táímìn ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù. Táímìn ni àkókò tí iná ń ta sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Bí iná bá pẹ́, ọkọ̀ kò ní lè gun òkè; bí ó bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa lu ara rẹ̀ nínú, kàkàkà, títí á fi fọ́. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ní tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń wo àmì rẹ̀. Etí-Ajá kò ní. Á tú nọ́ọ̀tì dísírìbútọ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná, á yí i síwájú díẹ̀díẹ̀, á máa fi ọwọ́ kejì fún ẹ́ńjìnnì lépo, títí á fi gbọ́ kàkàkà yẹn. Lẹ́yìn náà á dá a padà díẹ̀, á sì dè é. "Ẹni tó bá létí, kí ló fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì ṣe?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí i tó ń sítáàtì ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Irin họ irin, ó ké tantan. Mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wo ojú mi ná. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá kí i láti ọ̀dọ̀ mi, kì í dáhùn. Àfi tí mo bá gba iwájú rẹ̀. Etí òsì rẹ̀ ló kọjú sí páànù, páànù ló kọjú sí òòlù mi. Ta ló tún fẹ́ ṣàlàyé fún mi? Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí, mo wá ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Òwe yẹn ni mo fi ń tan ara mi jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Tíṣà ni. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé-ìwé kan lẹ́yìn òkè ńlá tí àwọn tírélà ń rá gun. Ọ̀nà ibẹ̀ há. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú láàárín òkè, ẹ̀yìn ló máa yí padà sí, sẹ́nu tírélà. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún un ti ki ṣíìpù kan sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, nǹkan pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná lọ, kí ọkọ̀ lè máa sá eré àsápajúdé. Ṣíìpù ń mú kí iná tètè ta, ni wọ́n bá fa dísírìbútọ̀ sẹ́yìn kó má baà yá jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá rẹ̀ yọ ṣíìpù náà torí pé ọkọ̀ náà ń mu epo jù, ṣùgbọ́n dísírìbútọ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n fà á sí. Ọkọ̀ wá di ìgbín.

"Dádì, kò lè gun nǹkan kan mọ́," ló wí. "Òkè ilé wa lásán, díẹ̀ ló kù kí n sọ̀ kalẹ̀ tì í."

"Jókòó jẹ́ẹ́. Kó o tó mumi tán, mo ti parí ẹ̀."

Mo sọ òòlù kalẹ̀, mo lọ bá a. "Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ n lọ yá tọ́ọ̀ṣì wá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì iwájú yẹn. Torí àwọn ọmọ."

Ẹnu mi ló ń wò títí mo fi sọ ọ́ tán. "Aláriwo, ìwọ náà fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Lọ lu páànù ẹ."

Ó tẹrí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yí dísírìbútọ̀ síwájú. Mo gbọ́ kàkàkà. Mo ní lọ́kàn mi pé ó tó, yóò dá a padà báyìí. Ó tún yí i síwájú. Ariwo náà le sí i, àfi bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bó ṣe ti ń balẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá. Nígbà tó yá, ó dá a padà díẹ̀, èyí tí kò tu irun kankan lára ariwo náà, ó sì dè é pa.

Ọmọ rẹ̀ fetí sílẹ̀. "Ṣé bó ṣe yẹ kó máa dún nìyẹn, Dádì?"

"Ó ti lágbára báyìí," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba Etí-Ajá gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì?

Bí ọkọ̀ ṣe ń rọra jáde lẹ́nu géètì, Etí-Ajá wá dúró tì mí. Kò wojú mi, ọkọ̀ ló ń wò. Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí: "Aláriwo, báwo lo ṣe gbọ́ ọ sí?"

Mo sọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mo sọ ọ́. Mo ní, "Ó ń lu inú. Iná ẹ̀ ti yá jù. Pè wọ́n padà." Ṣùgbọ́n ohùn ẹni tí ojú ń tì ni mo fi sọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni mo sì dúró sí.

Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́, ó gbá mi léjìká. "O ṣé, ọ̀rẹ́ mi," ó ní. "Mo mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀." Ó ju ọwọ́ sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

N kò tún un sọ. N kò pariwo, n kò sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó, mo ń gbọ́ kàkàkà náà bó ṣe ń gba títì lọ síhà òkè, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, mo jókòó, n kò lè gbé òòlù.

Kò tó wákàtí kan. Etí-Ajá ti wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Fóònù rẹ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó ń dún. Ó dún títí, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Òun kò gbọ́. Èmi ni mo gbọ́.