Ọ́ìlì Tí Pakde Gbé Wá

Bí ẹ bá rí ẹni tó nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ kí oòrùn tó yọ nínú òtútù Dieng, ìlú wa lórí òkè yìí, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Parjo tó múlé tì mí ni. Á jáde wá fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, á nù ún mọ́ ṣòkòtò, á tún tì í bọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà dàgbà ju Retno ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni jẹ ìrẹsì.

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Parjo, ọ́ìlì ara ṣòkòtò ẹ pọ̀ ju ti inú ọkọ̀ lọ o!" Á kàn tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kí yẹ̀yẹ́ máa dùn ún.

Kíndìnrín Lasmi ìyàwó rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù Wonosobo nísàlẹ̀ òkè, ọkọ̀ yẹn nìkan ló sì ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí Parjo fi ń ra ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́. Èéfín rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ki máa ń dì nínú òtútù wa, kì í tètè gun òkè ẹ́ńjìnnì láàárọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Pakde Wiryo dé, ẹ̀gbọ́n bàbá Parjo, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa tírélà.

"Parjo, ṣé ẹja lò ń yan nínú ọkọ̀ ni? Omi lásán lò ń dà sínú arúgbó ọkọ̀ yìí! Gba èyí, ọ́ìlì tírélà ni, ó ki dáadáa. Èéfín á tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pakde." Ohùn Parjo lọ sílẹ̀, ó dorí kodò.

Báyìí la ṣe ń dá àgbà lóhùn níbí. A ò ní kọ̀ lójú rẹ̀. Tó bá ti lọ, kálukú á ṣe tinú rẹ̀. Àmọ́ Pakde ò lọ. Ó jókòó ti tíì rẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n da ọ́ìlì náà sí i níṣojú òun.

Mo fa Parjo sẹ́yìn ilé. "Sọ fún un pé Lasmi ń lọ ọsibítù lọ́la!"

"Ṣé kí n kọ ohun àgbà lójú ara rẹ̀ ni?"

"Òtútù ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀, ó sì dà á sí i! Ilẹ̀ ti ṣú kí Pakde tó lọ. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, yìnyín ti funfun lórí ewé ànàmọ́. Lasmi jókòó níwájú ọkọ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ara. Parjo ṣáná. Ẹ́ńjìnnì kérora, ó kú. A tì í títí ó fi jí, àmọ́ iná pupa ọ́ìlì kò kú, orí ẹ́ńjìnnì sì ń pariwo bíi ṣíbí nínú agolo. Parjo yára pa á, ó gbórí lé ọwọ́ ìwakọ̀.

"Lasmi, má bínú."

Lasmi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kó sinmi, Bàbá Retno. Ó ti rẹ òun náà." Ó gbórí sẹ́yìn, oorun sì gbé e lọ, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀.

Parjo wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú ọ́ìlì Pakde dànù, mo sì lọ ra èyí tó fẹ́lẹ́ wá. Ọ̀sán ti ń pọ́n kí ẹ́ńjìnnì tó dún geere. Parjo pe ọsibítù lórí fóònù, wọ́n ní kí wọ́n ṣì máa bọ̀.

Parjo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Lasmi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o fẹ́ ká lọ?"

Lasmi lajú. Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó dúdú fún ọ́ìlì, ó dorí kodò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Retno."

Ohùn tí Parjo fi dá Pakde lóhùn lánàá gan-an ni, "bẹ́ẹ̀ ni" ẹni tí kò fẹ́. Mo gbọ́ ọ, Parjo náà gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì ń dún geere, àmọ́ Parjo ò lè dìde lórí ìkúnlẹ̀.